Afẹ́fẹ́ Tí Mo Fi Du Ìyá Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bí mo bá gbọ́ òwe yìí, mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán ni. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òwe náà yóò jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi gan-an, tí n ó sì máa gbé e kiri láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà, àti ti ooru, àti ti epo bẹntiróòlù tí ó wọ́n bí ojú, ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ. Kì í ṣe pé mo jẹ́ mẹkáníìkì o. Olùkọ́ ni mí, ìwé ni mo kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jìn sí kòtò, ó lè kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin náà rántí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Tinúbú gba ìjọba, tí ó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo tí kò tó 200 náírà fún lítà kan ní ilé epo ìjọba fò sókè kọjá 480 láàrin ọjọ́ mélòó kan. Kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, ó ti kọjá 600. Nígbà tí ó fi máa di ìparí ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ibi púpọ̀. Owó oṣù olùkọ́ kò fò tẹ̀lé e.

Èmi ń gbé ní Ọ̀wọ̀. Ìyá mi ń gbé ní Ìfọ́n, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ìyá mi fínra, ilé ìwòsàn tí ó ti ń gba ìtọ́jú sì wà ní Ọ̀wọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń lọ gbé e wá ní òwúrọ̀, tí mo sì ń dá a padà ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, nítorí pé kì í fẹ́ sun ilé ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ilé ọmọ tí ó bí. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan, nínú ọkọ̀ ògbólógbòó tí ń mu epo bí ọ̀mùtí tí ó rí ẹmu ọ̀fẹ́. Nígbà tí mo ro owó epo náà títí, mo rí i pé ohun méjì péré ni mo lè ṣe: kí n pààrọ̀ ọkọ̀, tàbí kí n dín ìrìn ìyá mi sí ilé ìwòsàn kù. Èkejì kò ṣeé gbọ́ sétí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó ní kí n wá ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní háíbíríìdì. Ohun méjì ni ó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ epo, àti mọ́tò iná mànàmáná tí ń jẹ iná láti inú bátìrì ńlá kan tí ó lè wà lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá ń rọra rìn, iná lè máa wà á nìkan, ẹ́ńjìnnì á sì sùn. Bí ó bá ń gun òkè, àwọn méjèèjì á jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Bí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì, agbára tí ọkọ̀ mìíràn ń sọ nù, èyí yóò kó o padà di iná, yóò sì tọ́jú rẹ̀ sínú bátìrì. Ó dà bí ìyàwó ilé tí kì í da omi ìṣanwọ́ nù, tí ó ń fi bomi rin ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ilé iṣẹ́ Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Prius ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn ká ayé, tí àwọn tòkunbọ̀ rẹ̀ sì wá dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo ta ọ̀mùtí, mo fi owó lé e, mo ra tòkunbọ̀ Prius kan, irú èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàrin 2004 àti 2009. Ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú rẹ̀ lè fi gálọ́ọ̀nù kan ti ọ̀dọ̀ wọn rin máìlì 46. Bí a bá yí i sí ìwọ̀n tiwa, ó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 19 àti ààbọ̀ lórí lítà kan ṣoṣo. Ojú dígí kékeré kan wà láàrin iwájú ọkọ̀ náà tí ń fi iye yìí han awakọ̀ bí ó ti ń lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 tí mo rà á, 44 tàbí 45 ni mo máa ń rí. Inú mi dùn dé góńgó. Mo ń wo dígí náà bí ahun ti ń ka owó rẹ̀, nígbà mìíràn mo ń wò ó ju ọ̀nà lọ, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ọyẹ́ dé, eruku rẹ̀ bo gbogbo nǹkan. Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Ooru oṣù Kejì ọdún 2024 kì í ṣe kékeré. Àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ yẹ ooru àárín oṣù náà wò ní gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ní bí ó ti rí lára ènìyàn fi nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 4 ju bí ì bá ti rí bí kò bá sí ti àyípadà tí ọmọ aráyé ti mú bá ojú ọjọ́. Àwa tí a wà nínú rẹ̀ kò nílò ìwé kí a tó mọ̀. Ní Ọ̀wọ̀, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí òógùn yóò ti máa ṣàn. Ìgbà náà ni òǹkà ojú dígí mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó di 40, ó di 37, ó di 33.

Mo wá ẹni tí n ó dá lẹ́bi, mo sì rí ẹ̀rọ amútutù, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní éésì. Mo ti kà á pé Ẹ̀ka Ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé, nínú ooru líle, ẹ̀rọ amútutù lè dín ìrìn tí ọkọ̀ elépo lásán ń fi epo rìn kù ní ohun tí ó ju ìdá mẹ́rin lọ, pàápàá bí ìrìn náà bá kúrú, àti pé ìpín tí ó ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ háíbíríìdì tilẹ̀ lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Iná inú bátìrì ńlá ni ẹ̀rọ amútutù ọkọ̀ mi ń jẹ. Bí ó bá jẹ ẹ́ tán, ẹ́ńjìnnì ni yóò jí láti wá iná mìíràn dí i. Ohun tí mo kà yé mi, ṣùgbọ́n ìlò tí mo lò ó ni kò mọ́gbọ́n dání. Mo pa ẹ̀rọ amútutù pátápátá. Mo tún ti gbọ́ pé bí gíláàsì bá ṣí sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ a máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, nítorí náà mo gbé gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, ó ku ìwọ̀n ìka kan. Báyìí ni mo ń gbé ìyá mi lọ tí mo ń gbé e bọ̀.

Ẹ̀yìn ni ìyá mi máa ń jókòó sí. Ó ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ní mọ́tò kì í bá awakọ̀ dù ìjókòó iwájú. Òun ní apá òsì, àpò rẹ̀ àti iṣu mélòó kan tí kò ní ṣàìdì fún ìyàwó mi ní apá ọ̀tún. Kò ráhùn ooru, àfi pé ó ń fi etí gèlè fẹ́ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó béèrè pé:

“Ọmọ mi, kí ni ó ń kùn bí oyin lẹ́yìn mi níbí?”

Mo ní, “Màámi, ẹ má dá a lóhùn, ọkọ̀ òyìnbó ni.”

Ó ní, “Ó dára. Mo kàn sọ pé ó ń kùn ni.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, n ó padà wá gbà á lọ́wọ́ yín.

Ọjọ́ tí ojú mi là ni ọ̀sán kan nínú oṣù Kẹta. Mo ti gbé ọkọ̀ sínú oòrùn gangan láti òwúrọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì, ooru tí ó jáde lù wá bí ti ààrò búrẹ́dì. Ìyá mi wọlé láìsọ ohun kan. A jáde ní Ọ̀wọ̀, a kọjú sí ọ̀nà Ìfọ́n. Kí a tó dé Elegbeka ni mo wo dígí ìwẹ̀yìn, tí mo rí i pé gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ pa dé, ó sì fi orí ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo pè é. Ó ní, “Òyì ń kọ́ mi.”

Ara mi bù máṣọ. Lójú ọ̀nà mìíràn, èmi ì bá ti yà sí abẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà wa yìí kì í dúró níbẹ̀ bí kò bá nídìí; ní Elegbeka yìí náà ni àwọn agbébọn ti pa Ọba Israel Adeusi, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020. Mo tan ẹ̀rọ amútutù dé òpin, mo sì ń wa ọkọ̀ lọ, mo ń pe ìyá mi, ó ń dá mi lóhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí a dé ilé, a fún un ní omi, a tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi máńgòrò, ara rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo padà sínú ọkọ̀ láti mú àpò rẹ̀, ojú mi sì kan òǹkà náà. 33 ni ó ṣì wà. Gbogbo ìyà tí mo fi jẹ ìyá mi, n kò rí èrè kan gbà níbẹ̀. Ìyá ni wúrà, ni a ń wí. Èmi ti gbé wúrà lé orí ìwọ̀n, mo fi epo wọ̀n ọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ọ̀wọ̀ tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí ó mọ irú ọkọ̀ yìí dáadáa. Mo rò pé iwájú ni yóò ṣí. Kò tilẹ̀ wo iwájú. Ẹ̀yìn ni ó wọ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ihò kékeré kan tí ó ní ojú bí asẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ní apá ọ̀tún.

Ó ní, “Ọ̀gá Tíṣà, ta ni ó máa ń jókòó síbí?”

Mo ní, “Ìyá mi.”

“Ẹrù wọn ńkọ́, ibo ni wọ́n máa ń gbé e sí?”

Mo fi ọwọ́ kan ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Imú bátìrì ni ẹ gbé iṣu dí.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní bátìrì ńlá náà kì í fẹ́ ooru, bí ènìyàn ni ó rí. Nígbà tí ó bá ń gba iná sínú àti nígbà tí ó bá ń pèsè iná, ara rẹ̀ a máa gbóná. Nítorí náà ni wọ́n fi fi fáànù kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ń fa afẹ́fẹ́ láti inú ọkọ̀, láti ibi tí èrò jókòó sí, gba ojú ihò yẹn, láti fi tù ú lára. Bí bátìrì bá gbóná jù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò dá ààbò bò ó: kò ní jẹ́ kí ó gba iná púpọ̀, kò sì ní jẹ́ kí ó pèsè púpọ̀. Bíréèkì tí ó yẹ kí ó dá iná padà, ìwọ̀nba ni yóò dá padà. Òkè tí ó yẹ kí iná bá ẹ́ńjìnnì gùn, ẹ́ńjìnnì nìkan ni yóò máa làágùn gùn ún. Ibẹ̀ ni epo ń gbà lọ.

Ó wá sọ gbólóhùn kan tí n kò ní gbàgbé. Ó ní, “Sà, afẹ́fẹ́ kan náà ni Màmá àti bátìrì jọ ń mí. Bí ó bá gbóná fún wọn, ó gbóná fún un.”

Ẹ gbọ́ mi, èmi tí mo pa ẹ̀rọ amútutù, tí mo ti gíláàsì, tí mo rò pé mò ń ṣọ́ epo! Afẹ́fẹ́ tí mo fi du ìyá mi, mo fi du ọkọ̀ náà. Ohun tí ń kùn bí oyin lẹ́yìn ìyá mi, fáànù ni. Ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ yí nítorí pé bátìrì ti gbóná. Ìyá mi gbọ́ igbe rẹ̀, ó sọ fún mi, mo ní kí ó má dá a lóhùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà já agbára iná, ó tú fáànù jáde. Eruku ọyẹ́ àti ìhùùhù aṣọ ti wé mọ́ abẹ́ rẹ̀ títí ó fi dà bí òwú tí a kò tíì ran. Ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì kìlọ̀ fún mi kí n má ṣe dán an wò fúnra mi, nítorí pé agbára iná inú bátìrì náà ju fóòtì 200 lọ, ó lè pa ènìyàn. Bí ẹ bá rí wáyà aláwọ̀ ọsàn nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jìnnà sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ìwà padà, n ó sì ka ìwà tuntun náà fún yín. Èkíní, ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù: ibi òjìji ni mo ń wá gbé ọkọ̀ sí, bí mo tilẹ̀ máa fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ sí i, mo sì ń fi páálí bo gíláàsì iwájú. Èkejì, bí ọkọ̀ bá ti gbóná, mo ń ṣí gbogbo gíláàsì fún ìṣẹ́jú mélòó kan bí mo ti ń lọ, kí ooru jáde kí n tó tan ẹ̀rọ amútutù. Ìdí kò sí tí a ó fi san owó epo láti tu ooru tí afẹ́fẹ́ lásán lè gbé lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Láàrin ìlú tí ọkọ̀ ń rọra rìn, gíláàsì á ṣí; lójú ọ̀nà márosẹ̀, gíláàsì á pa dé, ẹ̀rọ amútutù á máa ṣiṣẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, n ó sì yí i kí ó máa tu afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ dípò kí ó máa fa ti ìta tí ó gbóná wọlé. Ẹ̀kẹta, n kì í jókòó dúró de ènìyàn nínú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amútutù wà ní títàn. Ẹ̀kẹrin, òwúrọ̀ tí táyà ṣì tutù ni mo ń jẹ́ kí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kí ó bá iye tí wọ́n kọ sí ara férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ mu. Táyà tí kò kún ń wọ́ ọkọ̀ nílẹ̀. Bí a bá sì wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán, ooru ti wú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, irọ́ ni òǹkà yóò pa. Ẹ̀karùn-ún, láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń rọra tẹ bíréèkì, nítorí bíréèkì pẹ̀lẹ́ ni ń dá iná padà jù. Ẹ̀kẹfà, ohun kankan kò gbọdọ̀ dí ojú ihò náà mọ́, lẹ́yìn ọyẹ́ lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń bá mi fọ fáànù.

Nínú oṣù Kẹta yìí kan náà, òǹkà gòkè dé 41. Kò dé 45, nítorí pé ẹ̀rọ amútutù ní ohun tí ó ń jẹ, ẹni tí ó bá ní kò jẹ nǹkan kan, irọ́ ni ó pa. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín 33 àti 41 ju lítà kan lọ lórí gbogbo 100 kìlómítà, èyí sì ni ohun tí àìmọ̀kan mi ń fi ṣòfò. Ìyàtọ̀ àárín 41 àti 45 jẹ́ nǹkan bí ìdajì lítà lórí 100 kìlómítà. Ìdajì lítà! Iye tí mo fẹ́ fi ìlera ìyá mi dù nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí mo bá san án, n kì í kùn.

Mo sì tún kọ́ ohun kan: ooru fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ọkọ̀ yìí. Ní àwọn ìlú òtútù, ojú líle ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń rí nígbà yìnyín, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ní láti máa jó epo kí òun àti èrò lè móoru. Ní ọ̀dọ̀ wa, kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń gbóná dé ìwọ̀n tí ó fẹ́. Ooru tí kò rí ọ̀nà jáde ni ọ̀tá.

Ẹ̀yin ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ tí ẹ ń kàwé lọ́wọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Èmi tẹjú mọ́ òǹkà, n kò gbọ́ ohùn ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ohun ni ó ń kùn lẹ́yìn wa lónìí, tí àwọn tí kò kàwé ń gbọ́, tí a ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má dá a lóhùn.

Ní ti ìyá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì tọrọ àforíjì. Ó gbọ́ mi tán, kò bá mi wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún lọ gbé e, kí ó tó jókòó, ó gbé àpò rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó tì àwọn iṣu náà lọ sí búùtù, ó sì fi ọwọ́ gbá ojú ihò náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ní, “Jẹ́ kí ẹnìkejì mi rí imú mí. Ó yá, máa wà á lọ.”